Inú Ìkòkò Kan Náà Ni Kí Gbogbo Ilé Ti Máa Jẹ

Ẹ̀yin ará wa ní League City ní Texas, àti ẹ̀yin tí ẹ wà ní Webster, Dickinson àti Pearland, ọ̀rọ̀ yìí kan baba, ó kan ìyá, ó kan ọmọ. Ohun tó ń ṣe àwọn èèyàn wa léṣe níbí kì í pariwo kó tó wọlé. Ẹ̀jẹ̀ ríru kì í sábà dun èèyàn. Ìtọ̀ ṣúgà lè wà lára fún ọ̀pọ̀ ọdún kí ẹni tó ní in tó mọ̀. Ọjọ́ tí ara bá wá sọ̀rọ̀, ó lè jẹ́ pé ẹnu ti wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, apá ọ̀tún ò gbé ṣíbí mọ́, ẹni tó ń san owó ilé sì ti di ẹni tí wọ́n ń gbé lọ sí balùwẹ̀.

Ọ̀pọ̀ wa ló ti gbà pé àrùn ìdílé ni, kò sóhun tí a lè ṣe sí i. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ní 1997, Richard Cooper, Charles Rotimi tó jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn gbé àbájáde iṣẹ́ ńlá kan jáde. Wọ́n wọn ẹ̀jẹ̀ ríru àwọn èèyàn bíi 10,000 tí orísun gbogbo wọn jẹ́ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà: àwọn kan ní Nàìjíríà àti Kamẹrúùnù, àwọn kan ní àwọn erékùṣù Karíbíánì, àwọn kan ní Maywood lẹ́bàá Chicago. Nínú èèyàn 100 ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, 16 ló ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Ní Karíbíánì, ó di 26. Ní Amẹ́ríkà, ó di 33. Ìran kan náà o! Àwọn tí ọjọ́ orí wọn wà láàárín ọdún 25 sí 34 ò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ síra níbi gbogbo. Bí ọjọ́ orí ṣe ń gun òkè ni ti Amẹ́ríkà ń fi ìlọ́po méjì yára ju ti Áfíríkà lọ. Ohun tí wọ́n rí tó bá a rìn ni ìsanra, iyọ̀ inú oúnjẹ, àti pòtáṣíọ̀mù, èyí tí ẹ̀fọ́, ẹ̀wà àti èso máa ń fún wa.

Iṣẹ́ ìwádìí mìíràn tún wà tó kan Yorùbá gan-an. Àwọn oníṣègùn Ìbàdàn àti ti Indianapolis jọ tọpa àwọn àgbàlagbà ẹni ọdún 65 sókè, àwọn Yorùbá ní àdúgbò Ìdíkàn ní Ìbàdàn, àti àwọn dúdú Amẹ́ríkà ní Indianapolis. Nígbà tí àbájáde rẹ̀ jáde ní 2001, iye àwọn tí àrùn ìgbàgbé ń mú lọ́dún kan jẹ́ 1.35 nínú 100 ní Ìbàdàn, ó sì jẹ́ 3.24 ní Indianapolis. Mi ò sọ pé àmàlà ni oògùn ìgbàgbé o, nítorí ohun tó fà á lè pọ̀, Ìbàdàn fúnra rẹ̀ náà sì ti ń jẹ Indomie báyìí. Ohun tí mò ń sọ ni pé a ò bí àwọn àrùn yìí mọ́ wa bí a ṣe rò ó. Púpọ̀ nínú wọn, ibí ni a ti pàdé wọn.

Ẹ wo bí a ṣe ń gbé ní League City. A wọ mọ́tò nínú gáréèjì, a gba I-45 lọ sí Houston tàbí Galveston, a jókòó níbẹ̀ nígbà tí ọ̀nà bá dí, a dé ibi iṣẹ́, a tún jókòó. Nọ́ọ̀sì tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní aago méje àárọ̀ á kúrò ní aago méje alẹ́. Kó tó dé ilé, kó tó wẹ̀, aago mẹ́sàn-án ti lù, ebi sì ti mú un dé góńgó. Ẹ̀bà ńlá ló máa kì mọ́lẹ̀, á sì sùn lé e lórí. Àwọn ọmọ ti jẹ ṣíkìn inú páálí tí wọ́n fi mọ́tò gbà lójú fèrèsé, wọ́n ti mu kóòkì lé e, tẹlifóònù ló wà lọ́wọ́ wọn. Kò sí ọ̀lẹ nínú ilé yìí. Gbogbo wọn ló ti rẹ̀. Ṣùgbọ́n ara ò mọ àwáwí.

Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ fetí sí jù lọ rèé. Tí dókítà bá sọ fún baba pé ṣúgà rẹ̀ ti ga, ẹ má ṣe dá ìkòkò tirẹ̀ sọ́tọ̀. Bí a ṣe ń ṣe é nìyẹn: wọ́n á ro óòtì fún baba nìkan, àwọn yòókù á gún iyán sójú rẹ̀. Láàárín oṣù kan, baba á máa yọ́ dìde lóru lọ ṣí fìríìjì, nítorí ó ti rí oúnjẹ rẹ̀ bí ìyà. Èyí tó tún burú jù ni pé ọmọ tó jókòó tì í, tó ń jẹ ohun tó kó baba sí wàhálà, òun ni dókítà tún máa pè lọ́la. Ohun tó dára fún aláìsàn ló dára fún ẹni tí ara rẹ̀ le. Ẹ jẹ́ kí ìkòkò ilé jẹ́ ọ̀kan.

Kí ló máa yí padà nínú ìkòkò náà? Iyọ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ mú. Ẹ yí ẹ̀yìn páálí Maggi tàbí Knorr padà kí ẹ ka ohun tí wọ́n kọ́kọ́ kọ síbẹ̀: iyọ̀ ni. A ó fọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin sínú ọbẹ̀, a ó tún bu iyọ̀ sí i, a ó tún da omi ẹran tí a ti fi Maggi sè tẹ́lẹ̀ lé e. Ẹgbẹ́ àwọn oníṣègùn ọkàn ní Amẹ́ríkà sọ pé kí sódíọ̀mù tí àgbàlagbà ń jẹ lóòjọ́ má kọjá 2,300 mílígíráàmù, ìyẹn bíi iyọ̀ ṣíbí tíì kan péré, nínú gbogbo ohun tó jẹ láti àárọ̀ dé alẹ́. Ẹ jẹ́ kí irú, edé, ata, alùbọ́sà àti atalẹ̀ ṣiṣẹ́ tí Maggi ń ṣe. Ẹ dín in kù díẹ̀díẹ̀. Tí ẹ bá yọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan náà, ilé á dìtẹ̀, ahọ́n sì nílò ọ̀sẹ̀ díẹ̀ kó tó mọ́ ọn lára. Epo pupa kì í ṣe ọ̀tá, ṣùgbọ́n ẹ̀fọ́ rírò tí epo ń léfòó lórí rẹ̀ bí omi òjò, epo ti pọ̀ jù níbẹ̀.

Ẹ má sì jẹ́ kí orúkọ tàn yín jẹ. Òkèlè óòtì, òkèlè wíìtì, pándò, gbogbo wọn ló ń di ṣúgà nínú ara. Ẹni tó fi òkèlè óòtì tó tó orí ọmọdé rọ́pò ẹ̀bà kékeré kò tíì ṣe nǹkan kan. Kí òkèlè má ju ìkúùkù ẹni tó fẹ́ jẹ ẹ́ lọ, kí ẹ̀fọ́ gba ìdajì abọ́, kí ẹja tàbí ẹran gba ìyókù. Ẹ̀wà wà káàkiri Texas. Kò sí ìsọ̀ ńlá tí ẹ ò ti ní rí i, nítorí àwọn ará apá gúúsù orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà fúnra wọn ń jẹ ẹ́ lọ́jọ́ ọdún tuntun kí ọdún lè san wọ́n. Mọ́ínmọ́ín tí a fi epo díẹ̀ sè san ju ṣíkìn inú páálí lọ fún ọmọ tó ń dàgbà. Ẹni tó bá ní ilẹ̀ nílé, kí ó gbin ilá, ewédú àti tẹ̀tẹ̀ sí i. Oòrùn tó ń pa létúùsì àwọn aládùúgbò yín ní oṣù Keje, òun gan-an ni ilá ń fẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ilé ni kí ẹ gbìn ín sí o, kí ẹgbẹ́ àwọn onílé àdúgbò (HOA) má baà kọ lẹ́tà sí yín.

Ní ti ohun mímu, mi ò ní fi bò. Agolo kóòkì kan ní gíráàmù ṣúgà 39. Ohun tí àwọn oníṣègùn ọkàn sọ fún ọmọdé ni pé kí ṣúgà tí wọ́n fi kún oúnjẹ rẹ̀ má tó gíráàmù 25 ní odindi ọjọ́. Agolo kan ti kọjá rẹ̀ nìyẹn, ọmọ náà ò sì tíì jẹun. Ẹ ka ẹ̀yìn ìgò mọ́ọ̀tì náà, torí àwa ni a sọ ọ́ di ohun aláìléwu tí a ń fún aboyún àti ọmọ. Omi ni kí ó wà lórí tábìlì. Kóòkì àti mọ́ọ̀tì, ẹ jẹ́ kó di ti òde àríyá.

Ẹ dákun, ẹ má pe ọmọ yín ní òròbó, bó ti wù kó jẹ́ àwàdà. Ẹ má fi ebi pa á, ẹ má sì ra oògùn tó ń dín ìsanra kù kankan fún un. Ọmọ tí wọ́n fi ṣe yẹ̀yẹ́ á máa jẹun ní ìkọ̀kọ̀. Ohun tó nílò ni kí ilé yí padà yí i ká, kí ó sì máa ṣeré tó ń mú un mí gúlegúle fún wákàtí kan lójúmọ́. Ìṣẹ́jú 150 lọ́sẹ̀ ni ti àgbàlagbà, ẹ lè pín in sí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ́jọ́ márùn-ún. Ìrìn tó yá díẹ̀ tó. Ijó náà wà nínú rẹ̀: ẹ fi orin Sunny Adé tàbí ti Barrister sí i lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́, kí baba kọ́ àwọn ọmọ bí wọ́n ṣe ń fẹsẹ̀ jó o.

Ààyè ìrìn ò wọ́n wa. Hometown Heroes Park wà, Walter Hall Park wà létí Clear Creek, bẹ́ẹ̀ ni Challenger Seven Memorial Park, tí wọ́n fi sọrí àwọn méje tó kú nínú ọkọ̀ òfúrufú Challenger ní 1986. Ṣùgbọ́n ẹ fi ọgbọ́n rìn. Láti oṣù Karùn-ún títí dé oṣù Kẹsàn-án, ẹ má ṣe jáde ní ọ̀sán gangan láti ṣe eré ìdárayá. Ẹ má sọ pé Nàìjíríà la ti wá, a mọ oòrùn. Ọ̀rinrin ibí kì í jẹ́ kí òógùn gbẹ, ara kì í sì lè tutù. Àárọ̀ kùtù tàbí ìrọ̀lẹ́ ni kí ẹ lọ, kí omi wà lọ́wọ́. Tí ẹnì kan bá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ìsọkúsọ nínú ooru, tí ara rẹ̀ gbóná janjan, ẹ pe 911, ẹ gbé e sí ibòji, kí ẹ sì máa da omi tútù sí i lára. Ọ̀nì wà nínú Clear Creek lóòótọ́, kì í ṣe ìtàn. Ẹ má jẹ́ kí ọmọ tàbí ajá ṣeré létí omi, ẹ má sì ju oúnjẹ sí ọ̀nì náà. Ẹ fín oògùn ẹ̀fọn sára tí ilẹ̀ bá ń ṣú.

Ìyá àgbà tó wá wẹ ọmọ náà ńkọ́? Nílé, ó ń lọ sọ́jà, ó ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí, ó ń kí ará àdúgbò. Níbí, kò lè wakọ̀, kò mọ ẹnì kan, orí àga níwájú tẹlifíṣọ̀n ló wà láti àárọ̀, ẹsẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í wú. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tó gbé wá ti tán láti oṣù tó kọjá, kò fẹ́ da ọmọ láàmú ni ò ṣe sọ. Ẹ béèrè. Ẹ ka hóró tó ṣẹ́kù. Adójútòfò ìrìnàjò kì í sábà sanwó àìsàn tó ti wà lára tẹ́lẹ̀, owó ilé ìwòsàn níbí sì lè gbé ilé mì. Tí ooru bá mú, ẹ mú un lọ sí Baybrook Mall kí ó rìn yíká nínú atẹ́gùn tútù. Kò pọn dandan kí ó ra nǹkan kan, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó máa rà á.

Fún ẹni tí iṣẹ́ kì í jẹ́ kó dáná lọ́jọ́ iṣẹ́, kí ó se ọbẹ̀ lópin ọ̀sẹ̀, kí ó pín in sí abọ́ kéékèèké sínú fìrísà. Ohun tó wà nílẹ̀ ló ń gbà wá lọ́wọ́ ojú fèrèsé aláṣíkìn. Ṣùgbọ́n ẹ rántí ìjì Beryl, ní ọjọ́ 8 oṣù Keje 2024, tí iná kú fún ilé àti ìsọ̀ tó lé ní mílíọ̀nù méjì ní agbègbè Houston. Tí iná bá lọ, oúnjẹ inú fìríìjì ò kọjá wákàtí mẹ́rin. Fìrísà tó kún dẹ́nu tí a ò ṣí lè dúró fún wákàtí 48. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ dà á nù. Ẹ má ṣe gbé ọbẹ̀ tó ti ń kan kaná lẹ́ẹ̀kan sí i, torí àwọn májèlé kan wà tí iná ò lè pa. Mo mọ iye tí ẹran ewúrẹ́ jẹ́. Ẹ dà á nù.

Tí ojú tàbí ẹnu ẹnì kan bá wọ́ lójijì, tí apá kan ò gbé, tàbí tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ò já geere mọ́, 911 ni. Ẹ má pe pásítọ̀ tàbí àlùfáà ṣáájú, ẹ má fún un ní omi, àgbo tàbí ásípírìn, ẹ má fi epo ra á. Ẹ wo aago, kí ẹ sọ ìgbà tó bẹ̀rẹ̀ fún wọn, torí oògùn tó ń yọ́ ẹ̀jẹ̀ dídì nínú ọpọlọ kì í ṣeé lò mọ́ fún ọ̀pọ̀ èèyàn lẹ́yìn wákàtí mẹ́rin ààbọ̀. Mo mọ̀ pé ẹ̀rù owó áńbúláǹsì ń ba àwọn kan. Owó yẹn ṣeé san díẹ̀díẹ̀.

Lọ́sẹ̀ yìí, ẹ ra ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru, èyí tí wọ́n ń so mọ́ apá, kì í ṣe ti ọrùn ọwọ́. Kí ẹni tí ẹ fẹ́ wọ̀n jókòó jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú márùn-ún, kí ẹ̀yìn rẹ̀ fara ti àga, kí ẹsẹ̀ méjèèjì tẹ ilẹ̀, kí apá wà ní ìhòòhò. Níbí, 130 lórí 80 ni wọ́n ti ń kà á sí ẹ̀jẹ̀ ríru. Tí nọ́ńbà òkè bá ti kọjá 180, tàbí tí ti ìsàlẹ̀ kọjá 120, tí àyà ń dun ẹni náà tàbí tí ojú rẹ̀ ń ṣú, ẹ má dúró di ọjọ́ kejì. Ẹ kọ nọ́ńbà baba, ti ìyá àti ti ìyá àgbà sí ìwé kan lára fìríìjì, kí ẹ mú un dání lọ bá dókítà. Tí ó bá sì wá sílẹ̀ lẹ́yìn oògùn, ẹ má dá oògùn dúró láìbéèrè lọ́wọ́ dókítà, torí oògùn náà wà lára ohun tó mú un wá sílẹ̀.