Má Ha Á, Fi Òrí Tù Ú

Ọmọ mi, jókòó tì mí. Àṣìṣe kan ni mo ń rí lọ́dọ̀ ẹ̀yin ọ̀dọ́: ìgbọ̀nwọ́ yóò nípọn, yóò máa ṣí ìpẹ́ funfun, ẹ ó pè é ní làpálàpá, ẹ ó sì fi kànrìnkàn àti ọṣẹ dúdú ha á. Èmi náà ha tèmi títí ó fi ṣẹ̀jẹ̀. Ojú ibẹ̀ gan-an ni òmíràn ti yọ.

Àrùn awọ tí à ń pè ní psoriasis ni. Kì í ràn, kì í sì í ṣe ìdọ̀tí. Awọ tó yẹ kó gba nǹkan bí oṣù kan kó tó pààrọ̀ ló ń pààrọ̀ láàárín ọjọ́ díẹ̀.

Kọ́kọ́ jẹ́ kí dókítà wò ó. Fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ wẹ̀, fi táwẹ́lì tẹ ara, má fi agbára nù ún. Kí ara tó gbẹ tán, fi òrí tàbí Vaseline pa á. Ìpara tí dókítà bá kọ, má lò ó kọjá ọjọ́ tó dá. Má ra ìpara àpòpọ̀ ọjà. Jáwọ́ nínú sìgá, dín ọtí kù. Bí oríkèé bá ń ro ọ́ láàárọ̀, tètè padà lọ fi han dókítà.

Yóò rọlẹ̀, yóò tún yọjú. Má bẹ̀rù: sùúrù ni oògùn rẹ̀.