Èèkù Idà Lọ́wọ́ Akọrin

Bí ọwọ́ ẹni kò bá tíì tẹ èèkù idà, a kì í bèèrè ikú tó pa baba ẹni. Akọrin tó bá fẹ́ dá dúró, tí kò fẹ́ kí ilé-iṣẹ́ ńlá máa pàṣẹ lórí orin òun, gbọ́dọ̀ mọ ohun tó yẹ kó kọ́kọ́ dì mú. Ìrìn ẹgbẹ́ olórin Beirut nílẹ̀ Amẹ́ríkà ṣe é kọ́gbọ́n. Orúkọ olú-ìlú Lẹ́bánónì ni wọ́n ń jẹ́, àmọ́ Santa Fe ní ìpínlẹ̀ New Mexico ni Zach Condon, olùdásílẹ̀ àti òǹkọ̀wé orin wọn, gbé dàgbà. Fèrè onídẹ, fáólìnì, ìlù àti àkọ́díọ̀nù, irú èyí tí I. K. Dairo lò nínú jùjú, ni wọ́n fi ń gbé orin tó fara jọ ti ìbílẹ̀ àwọn ará Balkan, Faransé àti Mẹ́síkò.

Ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Condon fara pa lọ́rùn ọwọ́ òsì nígbà ọ̀dọ́, ọwọ́ náà kò sì ká ọrùn gìtá mọ́. Kò torí ìyẹn pa orin tì. Ó mú ukulele, gìtá kékeré olókùn mẹ́rin, ó sì fi kún fèrè tó ti ń fọn. Ó fi ilé-ìwé girama sílẹ̀, ó gba Yúróòpù lọ, ibẹ̀ ni etí rẹ̀ ti là sí orin fèrè àwọn ará Balkan. Nígbà tó padà sílé, inú yàrá ló ti ń gba orin sílẹ̀: á fọn fèrè kan, á tún fọn òmíràn lé e, títí ohùn ẹnì kan á fi dún bíi ti ogunlọ́gọ̀. Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ kì í ṣe pé kí ọmọ sá kúrò ní ilé-ìwé. Ohun tó wà nílẹ̀ ni kí akọrin fi bẹ̀rẹ̀, kó má dúró de owó ilé ìgbohùnsílẹ̀.

Igi kan kì í dá igbó ṣe. Àwọn olórin Jeremy Barnes àti Heather Trost bá Condon lọ́wọ́ sí àwo àkọ́kọ́, Gulag Orkestar, tí ilé-iṣẹ́ kékeré kan, Ba Da Bing, gbé jáde ní 2006. Àmọ́ ẹnì kan kò lè fọn fèrè mẹ́ta pọ̀ lójú agbo, ló bá kó ẹgbẹ́ jọ ní New York. Fún àwo March of the Zapotec ní 2009, ó wá ẹgbẹ́ afọnfèrè Jimenez lọ sí Teotitlán del Valle ní Mẹ́síkò, eléré mọ́kàndínlógún lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Bí eléré bá ṣe ń pọ̀ ni owó ọkọ̀, oúnjẹ àti ilé ìsùn ń pọ̀. Kí ẹgbẹ́ tó kúrò nílé ló yẹ kí wọ́n sọ iye tí kálukú máa gbà àti ẹni tó ni orin, kí ìjà má baà dé lẹ́yìn òde.

Ẹ̀tọ́ méjì ló wà lára orin kan: ti ẹni tó ṣẹ̀dá rẹ̀, àti ti ẹni tó ni ohùn tí a gbà sílẹ̀. Ẹni tó bá sanwó ìgbohùnsílẹ̀ ló sábà máa ń gba ìkejì. Nígbà tí orúkọ Beirut ti tàn, tí ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n TV Globo sì ti lo orin wọn, Elephant Gun, nínú eré Capitu ní Bràsíl lọ́dún 2008, ọwọ́ Condon ti tẹ èèkù. Pompeii, ilé-iṣẹ́ tirẹ̀, ló gbé The Rip Tide jáde ní 2011. Ó bá ilé-iṣẹ́ 4AD ṣe àwo méjì, No No No (2015) àti Gallipoli (2019), àmọ́ Pompeii ló tún gbé Hadsel jáde ní 2023. Kò sóhun tó burú nínú kí akọrin bá ilé-iṣẹ́ ṣe àdéhùn, bó bá ti mọ iye ọdún tó máa gbà àti ohun tó ń padà sọ́wọ́ òun.

Ìlera loògùn ọrọ̀. Ní 2013, àárẹ̀ gbé Condon dé ilé ìwòsàn ní Ọsirélíà, eré sì dàrú. Ní 2019, ọ̀nà ọ̀fun dùn ún débi pé ó fagi lé ìyókù ìrìnàjò eré. Erékùṣù Hadsel ní Nọ́wè ló lọ fara pamọ́ sí ní ìbẹ̀rẹ̀ 2020. Dùùrù inú ṣọ́ọ̀ṣì ibẹ̀ ló wà nídìí àwo tó fi orúkọ erékùṣù náà pè. Ní 2025 ẹ̀wẹ̀, A Study of Losses jáde, orin tí ẹgbẹ́ eléré sákọ́ọ̀sì Kompani Giraff ti Swídìn bẹ̀ ẹ́ pé kó ṣe. Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ń mówó wọlé láìsí pé akọrin ń sùn nínú ọkọ̀ lóròòru. Nítorí náà, kí akọrin tó fọwọ́ sí ìwé òde eré, kó rí i pé ọjọ́ ìsinmi wà nínú rẹ̀, kó sì ní iṣẹ́ orin mìíràn tó lè máa bọ́ ọ nígbà tí ohùn bá ń sinmi.