Bí Omi Ẹ̀rọ Bá Dá Lójijì

Omi kò l'ọ́tá, ṣùgbọ́n omi tí kò mọ́ a máa di ọ̀tá ẹni tí ó bá mu ún. Ẹ̀yin ará ilé wa ní Ailegun àti ní gbogbo Oṣòdì òun Ìsọlọ̀, ẹ fetí sí ẹ̀kọ́ yìí.

Ilé-iṣẹ́ omi ti Ìjù ni ó kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, kí ti Àdìyàn tó tẹ̀lé e ní ọdún 1991. Láti odò Ògùn ni àwọn méjèèjì ti ń fa omi. Wọn a sẹ́ ẹ, wọn a sì fi oògùn kiloríìnì pa kòkòrò inú rẹ̀. Ẹ̀rọ l'ó ń ti omi náà gba inú páìpù wá sí ìgboro. Bí iná mànàmáná bá lọ, tàbí tí àgbàrá òjò bá fọ́ páìpù, agbára omi yóò rọlẹ̀, omi gọ́tà yóò sì ráyè wọ inú páìpù tí ó ń jò. Nítorí náà ni ilé-iṣẹ́ omi ṣe gbọ́dọ̀ ní jẹnẹrétọ̀, epo àti kiloríìnì ní ìpamọ́. Ṣùgbọ́n onílé náà ní iṣẹ́ tirẹ̀.

Èkíní, ẹ tọ́jú omi mímu ọjọ́ 3 pamọ́, lítà 4 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan l'óòjọ́, nínú kẹ́ẹ̀gì mímọ́ tí ó ní ìdérí. Kẹ́ẹ̀gì tí a fi ra epo mọ́tò kò yẹ.

Èkejì, bí omi bá dá tí ó sì padà dé, ẹ má ṣe mu ún lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ẹ fi èyí tí ó kọ́kọ́ jáde fọ ilẹ̀. Èyí tí ẹ ó mu, ẹ sè é kí ó hó dáadáa fún ìṣẹ́jú 1, bí ó tilẹ̀ mọ́ l'ójú. Ojú kò rí kòkòrò.

Ẹ̀kẹta, bí àgbàrá bá wọ kànga, ìdọ̀tí ṣáláńgá lè ti bá a wọlé. Ẹ má mu ún títí ẹni tí ó mọ iṣẹ́ náà yóò fi gbọ́n ọn, tí yóò sì fi kiloríìnì fọ̀ ọ́.

Ní oṣù kẹfà ọdún 2024, àrùn onígbáméjì jà ní Èkó, ó sì gba ẹ̀mí. Bí ẹnikẹ́ni bá ń yàgbẹ́ gbuuru, ẹ po ṣíbí tíì 6 ṣúgà àti ààbọ̀ ṣíbí tíì iyọ̀ mọ́ lítà 1 omi tí a ti sè. Ẹ máa fún un mu díẹ̀díẹ̀, bí ẹ ti ń gbé e lọ sí ilé ìwòsàn.

Ẹ pọn omi ìpamọ́ yín lónìí, nígbà tí ẹ̀rọ ṣì ń yọ.