Dì í mú, má fún un: èdè ìbọn lórí fáìsì

Mo ti ń rí i tí àwọn kan ń pe fáìsì, irinṣẹ́ onírin tí wọ́n máa ń dè mọ́ tábìlì ní ṣọ́ọ̀bù wẹ́dà àti ti mẹkáníìkì, ní ẹ̀mú. Èmi ò fara mọ́ ọn. Ti alágbẹ̀dẹ ni ẹ̀mú. Òun ló fi ń fa irin gbígbóná yọ nínú iná, tó fi ń gbé e sábẹ́ òòlù, ọwọ́ rẹ̀ kì í sì í kúrò lára rẹ̀, torí bí ọwọ́ bá ti dẹ̀, ohun tí ẹ̀mú mú ti bọ́ nìyẹn. Fáìsì kò rí bẹ́ẹ̀. Bí a bá ti yí i dé ibi tó yẹ, kò nílò ọwọ́ ẹnikẹ́ni mọ́, ọwọ́ méjèèjì á sì ráyè ṣiṣẹ́. Àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ wa ti sọ ọ́ di fáìsì tipẹ́, ẹ jẹ́ kó máa jẹ́ fáìsì. Ẹni tó bá sì fẹ́ kọ ẹ̀mú níbi tó ti yẹ, kó fi àmì ohùn sí i, torí ẹmu tí kò lámì, ti ọ̀pẹ ni.

Ọ̀rọ̀-ìṣe ni ibi tí nǹkan ti le ju orúkọ lọ. Bí ọdẹ bá gbé ìbọn wá sí ṣọ́ọ̀bù, tí ọ̀gá sì sọ fún ọmọṣẹ́ pé "fún un", ọmọṣẹ́ á yí ọwọ́ fáìsì títí agbára rẹ̀ á fi tán. Kò ṣẹ̀. Ohun tí wọ́n ní kó ṣe ló ṣe. À ń fún ọsàn kí omi rẹ̀ lè jáde, à ń fún aṣọ tí a fọ̀ kó lè tètè gbẹ, bàtà tó bá sì fún ẹsẹ̀ máa ń bó o ni. Ohun tí a bá fún, kì í jáde bó ṣe wọlé. Ọ̀pá ìbọn ní ihò nínú, ara rẹ̀ ò sì nípọn, pàápàá ti ìbọn ọdẹ. Bí eyín fáìsì bá fún un, á jìn sínú. Ọ̀pá tó bá sì ti jìn sínú kì í ṣe ohun tí èèyàn ń da ẹ̀tù sí mọ́, torí agbára tó yẹ kó gba ẹnu jáde lè gba ibòmíràn, kí ìbọn bẹ́ mọ́ ọdẹ lójú.

"Dì í mú" ni ọ̀gá ìbá sọ. Ohun tí a bá dì mú kò ní lọ, kò sì ní fara pa, bí ìyá ṣe ń di orí ọmọ mú nígbà tí onígbàjámọ̀ bá ń fá a. Mo tún gbọ́ tí àwọn kan ń sọ pé àwọn "há ìbọn sí fáìsì". Há kò dára níbẹ̀. Ohun tó bá há, kò sí ẹni tó fẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀: eegun há sí ọ̀fun, èkísà há sínú ọ̀pá ìbọn, ọ̀rọ̀ há sí èèyàn lẹ́nu. Gbá mú sì wà fún ohun tó fẹ́ sá lọ.

Ẹni tó bá ti mọ̀ pé dídìmú lòun fẹ́, yíyan fáìsì á rọrùn fún un. Kó kọ́kọ́ wo ẹnu rẹ̀. Eyín wẹ́wẹ́ tó wà níbẹ̀ dára fún páìpù omi, ṣùgbọ́n á ha ìbọn lára, á sì ya igi ìdí rẹ̀. Kó ra èyí tí wọ́n lè tú eyín rẹ̀ kúrò, tàbí kó fi awọ tó nípọn bò ó lọ́tùn-ún lósì. Pákó rírọ̀ tàbí bàbà náà á ṣe é. Kí ẹnu náà fẹ̀ tó íǹṣì 4, torí ẹnu tóóró á kó gbogbo agbára sójú kan. Lẹ́yìn náà, kó béèrè bóyá wọ́n dà á ni àbí wọ́n rọ ọ́. Fáìsì tí wọ́n da irin rẹ̀ lè fọ́ bí wọ́n bá ń fi òòlù lù lórí rẹ̀, èyí tí wọ́n rọ máa ń gbà á. Ìbọn tí a fẹ́ tọ́jú, a kì í lù ú, nítorí náà èyí tí wọ́n dà ti tó, owó rẹ̀ ò sì pọ̀ tó ti èkejì. Ohun tí n kò ní gbà ni fáìsì tó ń mì. Kí bóòtù rẹ̀ gba inú pákó tábìlì kọjá, kí nọ́ọ̀tì dè é lábẹ́.

Igi ìdí ìbọn ni kó wà lẹ́nu fáìsì, kí ọ̀pá rẹ̀ sinmi lórí aṣọ tí a ká.

Mo ní ìdí ìbọn, mo ní ẹnu fáìsì. Ìbọn náà ní ẹnu, ibẹ̀ ni ọta ń gbà jáde. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá na ẹnu yẹn sí èèyàn, ojú ni à ń pè é: wọ́n dojú ìbọn kọ ọ́. Kò sí ẹni tó ń sọ pé wọ́n dẹnu ìbọn kọ ọ́, torí dẹnu kọ jẹ́ ti ọkùnrin tó ń wá ìyàwó. Àwọn àgbà ní ìbọn ní apátí, kò ní apátí, ta ni yóò jẹ́ kí wọ́n kọjú rẹ̀ sí òun? Ní ṣọ́ọ̀bù, òwe yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìtàn. Kí ẹnikẹ́ni tó yí ọwọ́ fáìsì, kó rí i dájú pé ìbọn ṣófo. Ti ṣakabùlà ní ọgbọ́n tirẹ̀, torí ẹnu ni wọ́n ti ń kì í, ojú kò sì lè rí inú rẹ̀. Ti ọ̀pá tí wọ́n fi ń ki ìbọn bọ ẹnu rẹ̀ títí yóò fi dúró, má dúró síwájú ẹnu náà, kí o fi àtàǹpàkò sàmì sí ibi tó dé lára ọ̀pá. Fà á yọ, kí o tẹ́ ẹ sí ẹ̀gbẹ́ ìbọn níta. Bí kò bá gùn dé ìdí ihò, nǹkan wà níbẹ̀, ó sì lè jẹ́ ẹ̀tù.

Ki ìbọn ni mo wí, mi ò wí pé kó ọta sí i. Ìbọn tó ń gba ẹnu jẹun ni à ń kì. Lásìkò ogun Kírìjí, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1877, tí ìró ìbọn sì fún lórúkọ, àwọn ọmọ ogun Èkìtì Parapọ̀ rí ìbọn Snider gbà láti Èkó, èyí tí wọ́n ń ti ẹ̀yìn fi ọta sí. Irú èyí, kó ọta sí i ló bá a mu, ẹ̀yìn náà sì ni kí èèyàn ti bẹ̀rẹ̀ sí í nu inú rẹ̀, kí ìdọ̀tí lè gba ẹnu jáde.

Nù àti fọ̀ pàápàá kì í ṣe ọ̀kan náà níbi iṣẹ́ yìí. Ẹ̀tù dúdú tí àwọn ọdẹ ń dà sí ṣakabùlà máa ń fi eérú tó ń fa omi mọ́ra sílẹ̀, láàárín ìgbà díẹ̀ irin á ti dógùn-ún. Omi gbígbóná àti ọṣẹ ló ń mú un kúrò. Nítorí náà, ọdẹ tó ní òun fọ ìbọn òun kò ṣi ọ̀rọ̀ lò: ó fọ̀ ọ́ lóòótọ́, ó nù ún gbẹ, ó sì fi epo pa á. Ìbọn òde òní tí ọta rẹ̀ kì í rú èéfín, epo la fi ń nù ún. Ẹni tó bá ń kọ̀wé, kó ṣọ́ra fún àmì: fọ ìbọn àti fọ́ ìbọn jìnnà síra wọn. Ìbọn tó níwèé àṣẹ ni mò ń sọ o; òfin ìbọn ti Nàìjíríà, ti 1959, kò yọ ṣakabùlà sílẹ̀.

Nígbà tí iṣẹ́ bá parí, ọ̀gá mìíràn á ní "tú fáìsì". Ọmọṣẹ́ tuntun tó gbọ́ èyí lè wọ abẹ́ tábìlì lọ bá nọ́ọ̀tì, torí ohun tí a bá tú, a fẹ́ kó ya sọ́tọ̀ọ̀tọ̀ ni. "Dẹ̀ ẹ́" ni kó sọ, kí ọwọ́ òsì ọmọṣẹ́ sì ti di ìbọn mú kí ẹnu fáìsì tó là.