Báwo Ni Kálukú Ṣe Lè Máa Wo Ohun Tí Dírónù Ń Rí Lórí Fóònù Tirẹ̀?

ÌBÉÈRÈ

Òkè Pópó ni mo ń gbé, iṣẹ́ fídíò sì ni mo ń ṣe: ìgbéyàwó, ìsìnkú àgbà, ìkómọjáde. Àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò wa ní kí n wá fi dírónù ya ìwọ́de Fanti wa lọ́dún Àjíǹde tó ń bọ̀. Ìṣòro mi ni pé bí mo bá ti gbé e sókè báyìí, èrò á ti pé lé mi lórí. Alága ìgbìmọ̀ fẹ́ wò ó. Ọ̀gá àwọn tó ń ṣọ́ ojú pópó fẹ́ mọ ibi tí èrò ti fún jù. Ẹni tó ń darí àwọn oníkámẹ́rà ilẹ̀ fẹ́ mọ ohun tí mo ń rí. Wọ́n á máa na ọrùn wo rìmóòtù lọ́wọ́ mi títí èmi fúnra mi ò fi ní ríran mọ́. Mo ti fi WhatsApp gbìyànjú níbi òde kan ní Marina, àmọ́ àwòrán náà ń dúró gbagidi, ó sì jẹ dátà mi tán. Ṣé ọ̀nà kan wà tí kálukú fi lè máa wò ó lórí fóònù tirẹ̀ láìsí wáyà? DJI ni dírónù mi, rìmóòtù tí wọ́n ń ki fóònù sí ni mo sì ń lò.

A.K., Òkè Pópó, Èkó

ÌDÁHÙN

Ọ̀nà wà, kò sì gba owó ńlá. Ṣùgbọ́n jẹ́ kí á kọ́kọ́ fi òfin kan lélẹ̀: ojú rìmóòtù, ti ẹni tó ń wa dírónù nìkan ni. Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Bí inú ọdún bá dùn tó kí ó dùn tó, ẹni tí ẹ̀rọ ń fò lọ́wọ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ máa ríran. Bí alága àti àwọn yòókù bá ní ibi tí wọ́n ti lè wò ó, wọn ò ní í dí ọ lójú mọ́.

Ìdí tí WhatsApp fi já ọ kulẹ̀ kò ṣòro. Láti oṣù Kẹjọ ọdún 2023 ni WhatsApp ti gba ènìyàn láàyè láti fi ojú fóònù rẹ̀ han ẹlòmíràn nígbà ìpè fídíò. Ó dára fún ẹ̀gbọ́n yín tó wà ní Peckham lókè òkun tó fẹ́ fojú rí Fanti. Ṣùgbọ́n alága tó dúró ní ìgbésẹ̀ mẹ́wàá sí ọ ńkọ́? Fídíò náà á kúrò lọ́wọ́ rẹ, á lọ sí òpó nẹ́tíwọ̀kì, á gba orí íntánẹ́ẹ̀tì rìn jìnnà, kí ó tó padà wá bá a. Lọ́jọ́ tí èrò bá sì kún bíi ti ọdún Ẹ̀yọ̀ ọjọ́ 20 oṣù Karùn-ún ọdún 2017 ní Tafawa Balewa Square, nígbà tí ìpínlẹ̀ Èkó ń ṣe àádọ́ta ọdún, gbogbo ọwọ́ tó ní fóònù ló ń rọ́ lu òpó kan náà. Ní ti dátà, bí fídíò rẹ bá ń ṣàn ní mẹ́gábíìtì 3 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, wákàtí kan á jẹ tó gígábáìtì 1.35 lápá tìrẹ nìkan, ká má tíì sọ ti àwọn tó ń wò ó.

Nítorí náà, má ṣe gbé ọ̀rọ̀ àwọn ará àdúgbò kan náà lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Dá Wi-Fi tìrẹ sílẹ̀ ní àdúgbò. Ohun tí o máa lò kò ju mẹ́ta lọ: ráútà kékeré kan, kọ̀ǹpútà alágbèéká kan, àti iná tí kò ní í kú mọ́ wọn lọ́wọ́, ìbáà jẹ́ páwà báǹkì tàbí ẹ̀rọ amúnáwá. Kò pọn dandan kí síìmù wà nínú ráútà náà rárá.

Orí kọ̀ǹpútà ni wàá fi MediaMTX sí. Ètò kọ̀ǹpútà ọ̀fẹ́ ni, iṣẹ́ rẹ̀ ni láti gba fídíò lọ́wọ́ ẹnì kan kí ó sì pín in fún ọ̀pọ̀. So kọ̀ǹpútà mọ́ ráútà, kí o wo nọ́ńbà tí ráútà fún un. Jẹ́ ká ní 192.168.8.10 ni. So fóònù tó wà nínú rìmóòtù rẹ mọ́ Wi-Fi kan náà. Nínú áàpù DJI Fly, wọ Transmission, kí o wá ibi tí wọ́n kọ Live Streaming Platforms sí, mú RTMP, kí o tẹ rtmp://192.168.8.10/fanti síbẹ̀. Kì í ṣe gbogbo dírónù ló ní ibẹ̀ yẹn, nítorí náà yẹ tìrẹ wò kí o tó ra ohunkóhun. Ó tán. Alága á so fóònù rẹ̀ mọ́ Wi-Fi rẹ, á ṣí Chrome, á sì tẹ http://192.168.8.10:8889/fanti. Ohun tí dírónù ń rí lòun náà á máa rí, kọ́bọ̀ dátà kò ní í jáde lápò ẹnikẹ́ni.

Ohun kan wà tó máa ń da ọ̀pọ̀ ènìyàn rú níbí yìí. Bí fóònù bá rí i pé Wi-Fi náà kò ní íntánẹ́ẹ̀tì, ó lè sá padà sórí dátà láìsọ fún ẹni tó ni ín, ojú rẹ̀ á sì ṣófo. Sọ fún wọn kí wọ́n pa dátà wọn títí ìwọ́de á fi kọjá.

Má sì pe gbogbo àdúgbò wá wò ó. Ráútà ń bu ti ẹnì kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ gẹ́gẹ́ bí olóúnjẹ ṣe ń bu àwo: ènìyàn mẹ́jọ ní mẹ́gábíìtì 3, mẹ́gábíìtì 24 nìyẹn ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Ráútà tó dára lè gbé e, ṣùgbọ́n bó bá di ogún ènìyàn, pàápàá tí àwọn kan bá dúró sí ìdí ògiri, àwòrán á bẹ̀rẹ̀ sí í fà.

Ní báyìí, ọ̀rọ̀ ìgbì afẹ́fẹ́ àti ibi tí ráútà máa wà. Dírónù rẹ àti Wi-Fi rẹ lè máa jà sí ọ̀nà kan náà nínú afẹ́fẹ́, torí 2.4 àti 5.8 gígáhẹ́ẹ̀sì ni ọ̀pọ̀ dírónù DJI fi ń bá rìmóòtù sọ̀rọ̀. Fi ráútà sórí 5 gígáhẹ́ẹ̀sì, ní àwọn ṣánẹ́ẹ̀lì ìsàlẹ̀, 36 sí 48, kí o sì gbé e jìnnà sí ọ ní mítà mélòó kan. Àmọ́ 5 gígáhẹ́ẹ̀sì kì í fẹ́ràn kọnkéré. Ní Pópó Àgùdà àti Òkè Pópó tí ilé ti fẹ́rẹ̀ẹ́ fẹnu kanra, má gbé ráútà sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Gbé e sí báákónì òkè kan tó kọjú sí ibi tí àwọn tó fẹ́ wò ó máa wà. Ìwọ náà, dúró síbi tí ojú rẹ ti lè rí dírónù gan-an. Bí o bá ń lọ sápá Marina, rántí pé mítà 160 ni NECOM House ga, bẹ́ẹ̀ ẹsẹ̀ bàtà 400, tó tó mítà 120, ni òpin gíga tí òfin gbà fún ọ. Ẹ̀yìn irú ilé bẹ́ẹ̀ ni dírónù ti ń pàdánù rìmóòtù rẹ̀.

Ìkìlọ̀ tó ṣe pàtàkì jù nìyí: àwòrán tí wọ́n ń wò máa ń pẹ́ díẹ̀ lẹ́yìn èyí tí ìwọ ń wò. Bó o bá ṣe é bí mo ṣe là á sílẹ̀, ó lè jẹ́ ìṣẹ́jú àáyá kan tàbí méjì. Lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó lè ju mẹ́wàá lọ. Nítorí náà ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ máa wo fóònù kó máa pariwo pé “yà sọ́tùn-ún!” Ibi tí ó ń rí, dírónù ti kúrò níbẹ̀. Jẹ́ kí ẹnì kan ṣoṣo dúró tì ọ́ tí yóò máa fi ojú lásán wo ẹ̀rọ náà lókè, kí ọ̀rọ̀ àwọn yòókù máa gba ẹnu rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ rẹ. Bí ẹni tó ń darí kámẹ́rà bá ní dandan òun fẹ́ àwòrán tí kò pẹ́, á gba rìmóòtù tó ní ihò HDMI bíi DJI RC Pro, àti ẹ̀rọ tó ń ta HDMI láìsí wáyà bíi Hollyland Mars. Owó ìyẹn ga díẹ̀. Háyà rẹ̀ kí o tó rà á.

Má rò pé ọ̀rọ̀ fàájì nìkan ni mo ń sọ. Nígbà tí ilé tí ilé-ìwé wà nínú rẹ̀ wó ní Ìta Fájì ní ọjọ́ 13 oṣù Kẹta ọdún 2019, ojú pópó tóóró ni àwọn adóòlà ẹ̀mí àti èrò jọ há sí. Níbi irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, bí ọ̀gá panápaná, dókítà àti ẹni tó ń tú èrò ká bá jọ ń wo àwòrán kan náà látòkè, àṣẹ wọn kò ní í takora. Ohun tí o bá kọ́ níbi Fanti lè wúlò lọ́jọ́ tí kò sẹ́ni tó ń gbàdúrà fún un.

Ó ku ìwé àṣẹ. Àjọ NCAA tó ń mójú tó ọkọ̀ òfuurufú àti ọ́fíìsì olùdámọ̀ràn ààrẹ lórí ààbò ni wọ́n ń fọwọ́ sí lílo dírónù fún iṣẹ́ ní Nàìjíríà. Kì í ṣe ohun ọjọ́ kan, bẹ̀rẹ̀ báyìí. Gbígba ìwé náà kò túmọ̀ sí pé o lè fò lórí ọ̀pọ̀ èrò. Ẹ̀gbẹ́ ìwọ́de ni kí o máa gbà. Bó bá di ti Ẹ̀yọ̀ lọ́jọ́ iwájú, ìwé ìjọba nìkan kò tó: ọ̀dọ̀ Akínsíkù, tí í ṣe Olórí Ẹ̀yọ̀, àti àwọn ìgà (ilé olóyè) tọ́rọ̀ kàn ni o ti máa bèèrè ibi tí ojú dírónù lè dé àti ibi tí kò gbọdọ̀ dé.

Bákan náà ni ti àgbàlá onílé. Láti òkè, dírónù ń rí ẹni tó ń wẹ̀ àti ẹni tó sùn sí báákónì, ní báyìí kì í sì í ṣe ìwọ nìkan ló ń rí wọn. Òfin ààbò dátà ti ọdún 2023 ti mú ọ̀rọ̀ àwòrán ènìyàn ní ọ̀kúnkúndùn. Fi ọ̀rọ̀ aṣínà tó le sí Wi-Fi náà, fún àwọn tí iṣẹ́ kàn nìkan, kí o sì yí i padà lẹ́yìn òde.

Dán gbogbo rẹ̀ wò láàárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi kan tí Òkè Pópó dákẹ́, ṣáájú ọdún. Gba ìwé àṣẹ rẹ kí o tó gba owó iṣẹ́ lọ́wọ́ ìgbìmọ̀.