Ẹ̀rín Láàárín Àwọn Ìràwọ̀: Ìdí tí Ìtàn Sáyẹ́ǹsì Apanilẹ́rìn-ín fi ń Wu Òǹkàwé

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ọ̀rọ̀ tí ó bá ju ẹkún lọ, ẹ̀rín ni a ń fi í rín. Lórí òwe yìí ni mo fẹ́ gbé ẹ̀kọ́ yìí kà fún ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ilé-ìwé wa ní àkókò àjọ̀dún yìí. Àwọn òbí kan gbà pé ìwé tí ń pa ọmọ lẹ́rìn-ín ń fi àkókò rẹ̀ ṣòfò. Àwọn mìíràn gbà pé ìwé tí aláìgbàgbọ́ kọ kò yẹ kí ó wọ ilé ìkàwé ilé-ìwé Kristẹni rárá. Ẹ jẹ́ kí a fi ìwé kan ṣoṣo yẹ ọ̀rọ̀ náà wò.

Ìwé náà àti ẹni tí ó kọ ọ́

Ìlú Cambridge ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni a ti bí Douglas Adams ní ọdún 1952. Ní oṣù kẹta ọdún 1978, rédíò BBC bẹ̀rẹ̀ sí í gbé eré rẹ̀ tí a ń pè ní The Hitchhiker's Guide to the Galaxy sí afẹ́fẹ́. Ní ọdún 1979, ó sọ ọ́ di ìwé, ó sì kọ ìwé mẹ́rin mìíràn tẹ̀lé e. Ó kú ní ọdún 2001, nígbà tí ó jẹ́ ẹni ọdún 49. Kò fi pamọ́ pé òun kò gbà pé Ọlọ́run wà.

Ìtàn àròsọ sáyẹ́ǹsì ni ìtàn tí a gbé ka ohun tí ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì ti mọ̀ tàbí tí ó ń wá: ọkọ̀ tí ń rìn láàárín àwọn ìràwọ̀, ẹ̀rọ tí ń ronú, ẹ̀dá tí ń gbé ní ayé mìíràn. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ó kún fún ogun, akíkanjú àti ẹ̀rọ tí kì í kùnà. Èyí tí ń pani lẹ́rìn-ín a máa lo ọkọ̀ àti ẹ̀rọ kan náà, ṣùgbọ́n a fi ènìyàn sílẹ̀ bí a ti mọ̀ ọ́n: onígbàgbé, agbéraga, ẹni tí ayé rẹ̀ ti parun tí ó sì tún ń wá ife tíì kan mu.

Èkíní: ó mú ohun ńlá wá sí ìwọ̀n tí ojú wa lè rí

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ìwé náà, Arthur Dent dùbúlẹ̀ sínú ẹrẹ̀ níwájú katapílà tí ó fẹ́ wó ilé rẹ̀ nítorí ọ̀nà tuntun. Àwọn aláṣẹ ní àwọn ti fi àwòrán iṣẹ́ náà hàn fún gbogbo ènìyàn. Àṣé inú yàrá abẹ́ ilẹ̀ tí kò ní iná ni wọ́n tọ́jú rẹ̀ sí, nínú kọ́bọ́ọ̀dù tí wọ́n tì pa. Kò pẹ́ tí àwọn ẹ̀dá Vogon fi dé láti òfuurufú láti pa ayé wa run, nítorí pé ó dí ọ̀nà tí wọ́n ń là láàárín ìràwọ̀. Àwọn náà ní ìkéde ti wà nílẹ̀ fún 50 ọdún ní Alpha Centauri, ibi tí ìmọ́lẹ̀ pàápàá ń lò ju ọdún mẹ́rin lọ kí ó tó dé. Ẹni tí ó bá ti rí àmì ọ̀dà pupa lára ògiri ilé tí ìjọba fẹ́ wó yóò mọ ìdí tí ẹ̀rín yìí fi ní ìkorò nínú.

Èkejì: ó ń rẹ ìgbéraga ọgbọ́n sílẹ̀

Àwọn ẹ̀dá ọlọ́gbọ́n kan kọ́ kọ̀ǹpútà ńlá láti wá ìdáhùn sí ìbéèrè tí ó ga jù lọ nípa ìyè àti ohun gbogbo. Ó ronú fún ọdún 7,500,000, ó sì kéde pé ìdáhùn náà ni 42. Nígbà tí inú bí wọn, ó sọ fún wọn pé àwọn fúnra wọn kò mọ ohun tí wọ́n ń bèèrè. Ẹ̀yin tí ń há ìdáhùn sórí nítorí ìdánwò, ẹ fi etí sí èyí. Ìdáhùn tí a kò mọ ìbéèrè rẹ̀ kò lè gbé ènìyàn dé ibì kan.

Marvin tún wà níbẹ̀, róbọ́ọ̀tì tí ọpọlọ rẹ̀ tóbi tó ayé kan, tí iṣẹ́ tí wọ́n ń rán an kò sì ju kí ó lọ mú àlejò wọlé. Ẹni tí ó ti kàwé gboyè tí kò rí iṣẹ́ tí ó tó o ṣe yóò rẹ́rìn-ín, yóò sì mí kanlẹ̀.

Ẹ̀kẹta: ó ń fi ọkàn wa hàn wá

Nínú ìtàn náà, ẹja kékeré kan wà tí ènìyàn ń fi sí etí tí yóò sì máa gbọ́ gbogbo èdè. Bábélì ni òǹkọ̀wé fi sọ ọ́ lórúkọ, láti inú Jẹ́nẹ́sísì orí 11. A óò rò pé àlàáfíà ni yóò tẹ̀lé e. Adams ní ogun ni ó pọ̀ sí i, nítorí pé olúkúlùkù wá ń gbọ́ ohun tí ẹnì kejì ń sọ ní ti gidi. Mo ti wàásù lórí Bábélì nígbà púpọ̀, n kò sì tí ì rí àpèjúwe tí ó fi hàn jù báyìí lọ pé inú ọkàn ni ìjà ti ń bẹ̀rẹ̀, kí ó tó dé ẹnu.

Ohun tí ó kọ onígbàgbọ́ lóminú

Níbẹ̀ náà ni Adams ti fi ẹja yìí dá àríyànjiyàn kan sílẹ̀, tí ọ̀rọ̀ fi yí títí tí Ọlọ́run fi pòórá. Ṣé kí a wá sọ ìwé náà nù? Ẹ ka gbólóhùn tí ó tẹ̀lé e. Ọ̀mọ̀ràn tí ó borí nínú àríyànjiyàn náà tẹ̀ síwájú láti fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé dúdú ni funfun, mọ́tò sì pa á níbi tí ẹlẹ́sẹ̀ ti ń sọdá títì, èyí tí wọ́n fi ọ̀dà dúdú àti funfun kùn. Orí ẹni tí ó gbọ́n ju ara rẹ̀ lọ ni ẹ̀rín náà padà bọ́ sí.

Síbẹ̀, ọ̀nà èmi àti Adams yà. Ó wo bí òfuurufú ti fẹ̀ tó àti bí ènìyàn ti kéré tó, ó sì gbà pé kò sí ẹni tí ń wò wá. Onísáàmù wo ojú ọ̀run kan náà nínú Sáàmù 8, ó rí ìkéré kan náà, ẹnu sì yà á pé Ọlọ́run tún ń rántí ènìyàn. Àwọn méjèèjì gbà pé kò sí ohun tí ènìyàn fi ń gbéra ga. Akẹ́kọ̀ọ́ Kristẹni tí ó bá ka Adams dáadáa yóò gba ìrẹ̀lẹ̀ yẹn lọ́wọ́ rẹ̀, yóò sì mọ ibi tí òun ti ní láti dá a lóhùn. Bí a bá fi ìwé náà pamọ́ fún un, òde ni yóò ti kà á, níbi tí kò ti sí ẹni tí yóò bá a jíròrò rẹ̀. Ìtàn Ìjàpá ni àwọn òbí wa fi tọ́ wa, a rẹ́rìn-ín, a sì gbọ́n.

Ìbéèrè fún ìjíròrò

1. Kí ni ó pa ìwólé Arthur àti ìparun ayé pọ̀? Ta ni ẹ̀rín náà ń bá wí?
2. Ìbéèrè wo ni ìwọ fúnra rẹ ń wá ìdáhùn sí ní ilé-ìwé yìí?
3. Ka Sáàmù 8. Bí o bá pàdé Adams, ibo ni ìwọ yóò ti gbà pẹ̀lú rẹ̀, kí ni ìwọ yóò sì sọ fún un?