Bí A Ti Ń Kọ́ Ajá Láti Dákẹ́

Nínú gbogbo ẹran tí a ń sìn ní ilé, kò sí èyí tí ó sún mọ́ ènìyàn tó ajá. Ewúrẹ́ a máa jẹ èèpo iṣu wa, adìẹ a sì máa sùn lábẹ́ òrùlé wa, ṣùgbọ́n ajá ni ó ń bá wa lọ sí oko, òun ni ó ń bá ọdẹ wọ igbó, òun náà ni ó sì ń fi òru ṣọ́ ẹnu ọ̀nà nígbà tí olówó rẹ̀ bá ń sùn. Gbígbó ni ohun èlò iṣẹ́ rẹ̀. Bí olè bá fo ọgbà, ajá ni yóò kọ́kọ́ kéde. Bí ejò bá wọ àgbàlá, gbígbó rẹ̀ ni yóò jí onílé. Nítorí náà, ẹni tí ó bá fẹ́ kí ajá má gbó rárá dà bí ẹni tí ó gba agogo lọ́wọ́ akéde ìlú.

Ṣùgbọ́n bí gbígbó ti wúlò tó, ó ní àsìkò tirẹ̀. Ajá mìíràn wà tí kò mọ àsìkò. Yóò gbó ewé tí afẹ́fẹ́ fẹ́, yóò gbó ọmọ tí ń kiri ẹ̀kọ, yóò gbó ajá tí ó wà ní àdúgbò kejì. Aláìsàn kò ní lè sùn; ìyá ọmọ tuntun yóò máa kùn; akẹ́kọ̀ọ́ tí ìdánwò rẹ̀ kù sí dẹ̀dẹ̀ yóò fi ọwọ́ di etí méjèèjì, ìwé kò sì ní wọ orí rẹ̀. Ní ilé alájọgbé, irú ajá bẹ́ẹ̀ a máa dá ìjà sílẹ̀ láàrin àwọn tí kò ní ìjà tẹ́lẹ̀. Ẹlòmíràn a sọ òkò lù ú. Ìkà ènìyàn a tilẹ̀ fi májèlé sínú ẹran fún un ní òru. Èyí tí ó wá burú jù lọ ni pé ìkìlọ̀ ajá náà kò ní láárí mọ́. Nítorí pé ó ń gbó ohun gbogbo, ní ọjọ́ tí olè bá dé ní tòótọ́, onílé yóò yí ẹ̀gbẹ́ padà lórí ẹní, yóò ní, "Ajá yìí tún ti bẹ̀rẹ̀." Ajá tí kò mọ ìgbà tí ó yẹ kí ó dákẹ́ kò lè ṣọ́ ilé. Ohun tí a fẹ́ gbé yẹ̀ wò nínú ẹ̀kọ́ yìí ni bí a ti lè kọ́ ọ ní ìgbà náà, láì fi pàṣán kàn án lára.

Oníṣègùn tí ó mọṣẹ́ kì í já ewé kí ó tó mọ àìsàn. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ẹni tí ó fẹ́ kọ́ ajá gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wádìí ohun tí ó ń mú un gbó. Ìkookò ilẹ̀ òtútù, tí í ṣe ìbátan ajá, kì í sábà gbó bí ó bá ti dàgbà. Ajá tí ó ti ń bá ènìyàn gbé láti ayébáyé ni ó sọ gbígbó di èdè. Ní ilẹ̀ Kóńgò pàápàá, irú ajá kan wà tí a ń pè ní Basenji, tí kì í sábà gbó bí àwọn yòókù. Ohùn rẹ̀ dà bí ti ẹni tí ń fi ohùn dárà. Ajá tiwa ní ọ̀rọ̀ púpọ̀ láti fi gbígbó sọ. Ó lè gbó nítorí pé ó rí àlejò. Ó lè gbó nítorí ẹ̀rù. Ó lè gbó nítorí ayọ̀ pé olówó rẹ̀ ti oko dé. Ó sì lè gbó nítorí pé a fi òun nìkan sílẹ̀. Etí rẹ̀ tún mú ju tiwa lọ. Ìró tí ó ga jù tí etí ọmọ ènìyàn lè gbọ́ ni èyí tí ń gbọ̀n ní ìgbà 20,000 láàrin ìṣẹ́jú àáyá kan, ṣùgbọ́n ajá a máa gbọ́ èyí tí ó tó nǹkan bí 45,000. Nígbà tí a bá rò pé lásán ni ajá ń gbó, ó lè jẹ́ pé ohun tí etí wa kò gbé ni ó ń dá lóhùn.

Nítorí náà, kí a wo ìgbé ayé ajá náà kí a tó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́. Ajá tí a so mọ́ igi láti òwúrọ̀ títí di alẹ́, tí kò sí omi níwájú rẹ̀, tí kò sì sí ẹni tí ó bá a ṣeré, kò sí ẹ̀kọ́ tí ó lè wọ̀ ọ́ létí. Oúnjẹ, omi, ibòòji àti ìrìn ìrọ̀lẹ́ ni ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ tirẹ̀. Bí ajá tí kì í ṣe aláriwo tẹ́lẹ̀ bá sì ṣàdédé bẹ̀rẹ̀ sí í gbó tọ̀sán-tòru, kí a mú un lọ sí ọ̀dọ̀ dókítà ẹranko. Ó ṣeé ṣe kí ibì kan máa dùn ún.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni kò mọ ọ̀nà mìíràn ju igbe àti igi lọ. Ṣùgbọ́n bí a bá ń pariwo mọ́ ajá tí ń gbó, lójú tirẹ̀, ńṣe ni olówó rẹ̀ ń bá a gbó. Bí a bá sì nà án, yóò dákẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ohun tí ó kọ́ lè má jẹ́ ohun tí a rò pé a kọ́ ọ. Ká ní ọmọ tí ń kiri ẹ̀kọ yà sí ilé wa, ajá gbó o, a sì na ajá. Ajá kò ní ronú pé, "Gbígbó mi ni ó fa ìyà yìí." Ohun tí yóò rí ni pé nígbà tí ọmọ ẹlẹ́kọ dé ni ìyà dé. Láti ọjọ́ náà lọ, ó lè kórìíra ọmọ náà. Ewu kan tún wà tí ó jù èyí lọ. Ajá tí a ń nà ní gbogbo ìgbà tí ó bá kùn mọ́ ènìyàn lè jáwọ́ nínú ìkìlọ̀, kí ó sì máa gé ènìyàn jẹ láì kọ́kọ́ fọhùn. Ní ilẹ̀ tí àrùn dìgbòlugi ṣì wà bí tiwa yìí, èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwàdà.

Àwọn ọ̀mọ̀wé ti fi ìwádìí la ọ̀nà tí ó sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ivan Pavlov, ọmọ ilẹ̀ Rọ́ṣíà tí ó gba ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 1904, ṣàkíyèsí pé bí ajá bá ń gbọ́ ìró kan léraléra kí oúnjẹ tó dé, ìró náà nìkan yóò tó láti mú itọ́ yọ ní ẹnu rẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, Edward Thorndike tẹ ìwádìí tirẹ̀ jáde ní ọdún 1898 lórí àwọn ológbò tí ó há mọ́ inú àpótí. Ológbò tí ó bá ṣèèṣì fa okùn tí ó ṣí ilẹ̀kùn, tí ó sì jáde rí oúnjẹ jẹ, yóò túbọ̀ máa yára fa okùn náà bí a bá ti ń há a mọ́ ibẹ̀. B. F. Skinner tún ìmọ̀ yìí gbé síwájú nínú ìwé tí ó tẹ̀ jáde ní ọdún 1938. Kókó ọ̀rọ̀ wọn kò le: ìwà tí èrè bá ń tẹ̀lé a máa pọ̀ sí i, ìwà tí kò ní èrè mọ́ a máa dínkù. Ọ̀rọ̀ yìí kò sì ṣàjèjì sí àwọn ọdẹ wa, nítorí ọdẹ tí ó mọṣẹ́ kì í jẹ́ kí ajá tí ó lé ẹran bọ́ sí ojú ìbọn padà sílé láì tọ́ nínú ẹran náà wò.

Wàyí o, ẹ jẹ́ kí a mú ajá kan ṣe àpẹẹrẹ. Àwọn baba wa a máa fi odidi ọ̀rọ̀ sọ ajá lórúkọ, kí aládùúgbò lè gbọ́ ohun tí onílé kò fẹ́ sọ sí i lójú. Kí a pe ajá tiwa ní Tanímọ̀la. Ọ̀dọ́ ajá ni, gbogbo ẹni tí ó bá kọjá ní ẹnu ọ̀nà ni ó ń gbó.

Èkíní, a ó pèsè èrè. Ẹran bíbọ̀ tàbí ẹja tí a ti yọ egungun rẹ̀ kúrò, tí a sì gé wẹ́wẹ́ bí hóró ẹ̀wà, dára fún iṣẹ́ yìí. Kí ó má ní ata, kí ó má sì ní àlùbọ́sà, nítorí pé àlùbọ́sà a máa ṣe ajá ní ibi. Inú oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀ ni kí a ti mú un, kí ajá má baà sanra jù.

Èkejì, a ó yan ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. "Ó tó!" dára púpọ̀. Kò gbọdọ̀ jẹ́ "Ó tó" ní òwúrọ̀, "Dákẹ́" ní ọ̀sán, kí ó sì di "Pa ẹnu rẹ mọ́" ní alẹ́. Baba, ìyá àti ọmọ gbọ́dọ̀ máa lo ọ̀rọ̀ kan náà, nítorí pé ilé tí olúkúlùkù ti ń pa àṣẹ tirẹ̀, ajá ibẹ̀ kò ní mọ èyí tí òun yóò gbọ́.

Ẹ̀kẹta ni ẹ̀kọ́ gan-an. Bí Tanímọ̀la bá ń gbó, a ó rọra súnmọ́ ọn, a ó sọ pé "Ó tó!" lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, láì lọgun, a ó sì mú ẹran náà súnmọ́ imú rẹ̀. Òórùn ẹran yóò fà á, yóò sì dákẹ́. Kí a ka ení, èjì. Bí ó bá dákẹ́ di èjì, kí a wí pé "O káre!" kí a sì fi ẹran náà fún un lójú ẹsẹ̀. Ojú ẹsẹ̀ yìí ni gbogbo ọgbọ́n wà. Bí a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń sáré lọ wá ẹran ní ilé ìdáná, tí Tanímọ̀la sì tún gbó kí a tó dé, tí a wá fún un, gbígbó ni a san owó fún, kì í ṣe ìdákẹ́. "O káre" yóò di ohun tí ìró tí Pavlov lò jẹ́ fún àwọn ajá tirẹ̀: bí ó bá ti gbọ́ ọ, yóò mọ̀ pé èrè ń bọ̀.

Ẹ̀kẹrin, a ó máa fi kún àkókò díẹ̀díẹ̀. Láti orí èjì, a ó bọ́ sí àrún, láti àrún sí ẹ̀wá, láti ẹ̀wá sí ogún. Bí ó bá kùnà ní ogún, kí a padà sí ẹ̀wá. Àtẹ̀gùn kì í ṣe ohun tí a ń fò gùn. Ìṣẹ́jú márùn-ún tó fún ẹ̀kọ́ kan, ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́. Kí a bẹ ọ̀rẹ́ kan kí ó máa kọjá ní ọ̀ọ́kán, lẹ́yìn náà kí ó máa súnmọ́ tòsí. Nígbà tí ajá bá ti mọ ẹ̀kọ́ rẹ̀ dáadáa, a kò ní máa fún un ní ẹran ní gbogbo ìgbà mọ́; ní ìgbà mìíràn, "O káre" àti fífi ọwọ́ pa á lórí yóò tó o.

Ohun kan wà tí ó ń tan ọ̀pọ̀ ènìyàn jẹ. Bí ajá bá ti máa ń fi gbígbó gba oúnjẹ lọ́wọ́ wa tẹ́lẹ̀, ní ọjọ́ tí a bá kọ̀ láti fún un, gbígbó rẹ̀ yóò kọ́kọ́ le sí i kí ó tó rọlẹ̀. Ẹni tí ó bá ṣe sùúrù yóò rí i pé ó ń dínkù. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá juwọ́ sílẹ̀ ní ọjọ́ kẹta ti kọ́ ajá rẹ̀ pé gbígbó tí ó pẹ́ ni ó ń mú èrè wá.

Àwọn kan yóò wí pé àbẹ̀tẹ́lẹ̀ ni a ń fún ajá. Kò rí bẹ́ẹ̀. Bí a bá ju ẹran sí ajá tí ń gbó kí ó lè jẹ́ kí a sinmi, àbẹ̀tẹ́lẹ̀ ni; ṣùgbọ́n èyí tí a fún un lẹ́yìn tí ó ti gbọ́ràn, owó iṣẹ́ ni. Àwọn mìíràn yóò bèèrè pé, "Bí olè bá wá dé ńkọ́?" Ìdáhùn rẹ̀ ni pé a kò kọ́ Tanímọ̀la kí ó yadi. Jẹ́ kí ó gbó ní ẹ̀ẹ̀mẹta tàbí mẹ́rin, kí a dìde, kí a wo ohun tí ó rí, bí kò bá sí ewu, kí a wí pé "Ó tó!" Ajá tí ń dákẹ́ nígbà tí a bá ní kí ó dákẹ́ ni onílé ń dìde fún nígbà tí ó bá gbó ní òru.

Iṣẹ́ yìí kì í ṣe ti ọjọ́ kan. Ó lè gba ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọ̀sẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko. Ajá tí a fi igi kọ́ ń dákẹ́ nígbà tí igi bá wà ní ìtòsí. Èyí tí a fi èrè kọ́ ń dákẹ́ nítorí pé ó fẹ́ràn láti gbọ́ ohùn ẹni tí ó kọ́ ọ.

ÌTUMỌ̀ Ọ̀RỌ̀
Ilé alájọgbé: ilé tí ìdílé púpọ̀ jọ ń gbé.
Láárí: iyì, ìwúlò.
Kù sí dẹ̀dẹ̀: súnmọ́ tòsí gan-an.
Dìgbòlugi: àrùn tí ń ba ọpọlọ jẹ́, tí ajá tí ó ní in lè fi eyín kó ran ènìyàn.
Àbẹ̀tẹ́lẹ̀: ohun tí a fi ra ojú rere ẹni tí kò yẹ kí ó gbà á.

ÌBÉÈRÈ
1. Kí ni ìdí tí òǹkọ̀wé fi sọ pé ajá tí ń gbó ohun gbogbo kò lè ṣọ́ ilé?
2. Dárúkọ ohun mẹ́rin tí ó lè mú kí ajá gbó.
3. Ṣàlàyé ewu méjì tí ó wà nínú nína ajá nítorí gbígbó tàbí kíkùn.
4. Kí ni àwọn ológbò Thorndike kọ́ wa nípa èrè?
5. Kí ni ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin àbẹ̀tẹ́lẹ̀ àti owó iṣẹ́ nínú àyọkà yìí?
6. Kí ni ó burú nínú kí a juwọ́ sílẹ̀ fún ajá ní ọjọ́ kẹta?

IṢẸ́ ÀRÒKỌ
Yan ọ̀kan nínú àwọn orí ọ̀rọ̀ wọ̀nyí, kí o sì kọ àròkọ tí kò dín ní 250 ọ̀rọ̀ lé e lórí:
(a) Ẹran ọ̀sìn kan tí ó wà ní ilé wa.
(b) "Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́."
(d) Kọ lẹ́tà sí aládùúgbò rẹ kan tí ajá rẹ̀ kò jẹ́ kí o sùn. Gbà á ní ìmọ̀ràn láì bá a jà.